Ta Ni Ọ̀gá Fi Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Lé Lọ́wọ́?

Kí oòrùn tó mú, ọmọ iṣẹ́ kan á ti ṣí àgádágodo ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá International, ọjà tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ohun èlò iná tó wà ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Á gbálẹ̀, á to ọjà síta, á tan jẹnẹrétọ̀ wò. Ọ̀gá kò tíì dé. Ó lè jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Badagry ló há a mọ́, nítorí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko kò kọjá Mile 2 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ó sì lè jẹ́ pé Ṣáínà ló wà, tó ń ra ọjà. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gá. Òun ni yóò dá oníbàárà lóhùn, òun náà ni yóò gbowó.

Báwo ni ọ̀gá ṣe mọ̀ pé ọmọ yìí ló yẹ kí òun fún ní kọ́kọ́rọ́, tí kì í ṣe èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ dé láti ìlú?

Àwọn Igbo, tó pọ̀ gan-an nínú àwọn oníṣòwò Àlàbá, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Igba boi. Ọmọ á ti ilé wá sọ́dọ̀ ọ̀gá, tó sábà máa ń jẹ́ ẹbí tàbí ará abúlé kan náà. Ìdílé méjèèjì á fẹnu kò lórí iye ọdún, márùn-ún sí méje lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀gá á máa bọ́ ọ, á fún un níbi tó máa sùn, ṣùgbọ́n kò ní san owó oṣù fún un. Bí àdéhùn bá pé, ọ̀gá á dá a sílẹ̀: á fún un lówó, tàbí lọ́jà, tàbí kó bá a gba ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní owó ní báńkì kò rí ju 20 pọ́ùn gbà, iye yòówù kí wọ́n ti fi pamọ́, ètò yìí wà lára ohun tí wọ́n fi gbé òwò wọn dìde. Robert Neuwirth, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà tó ti kọ̀wé nípa Àlàbá, sọ̀rọ̀ nípa ètò náà ní ìpàdé TED ní Tanzania lọ́dún 2017. Ndubuisi Ekekwe, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, náà kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review ní 2021. Owó ìdásílẹ̀ náà làwọn èèyàn máa ń pariwo jù. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, ọ̀gá ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn yẹ ọmọ wò.

Kò sí ìwé ìdánwò níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹrù ni ọmọ ń rù, ó ń gbálẹ̀, ó ń kọ́ orúkọ ọjà. Tó bá yá, wọ́n á rán an sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò kó lọ mú ọjà tí oníbàárà bèèrè tí wọn kò ní. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Èló ló gbà á? Èló ló tà á? Èló ló kó wálé? Ọmọ tó bá jíṣẹ́ owó náà pé pérépéré kí wọ́n tó bi í, ọ̀gá á ti kà á sí. Á rán an lọ sí báńkì. Á rán an lọ gbẹ́rù ní Apapa. Á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà fún oṣù kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa bójú tó ẹ̀ka kejì, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí gbogbo ìlà ọjà ti mọ̀ tipẹ́.

Kì í ṣe títà ọjà ni àmì tó lágbára jù lọ. Ọmọ kan lè lẹ́nu, kó ta tẹlifíṣọ̀n mẹ́wàá lójúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń tàwìn láìsọ, tí ọjà bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn páálí, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Ẹni tó ti tó ni ẹni tó máa pe ọ̀gá kí ọ̀gá tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, tí á ní: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe àṣìṣe lórí ọjà àná. Bí mo ṣe fẹ́ tún un ṣe rèé.” Ọ̀rọ̀ yẹn ju èrè ọjọ́ kan lọ. Ọmọ náà ti ka ọjà sí tirẹ̀, ó sì ti wá ọ̀nà àbáyọ kó tó gbé ẹjọ́ wá.

Lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ ní Ìba àti Okokomaiko, ní agbègbè Ọ̀jọ́ kan náà, sísọ́ọ̀sì ló dúró fún kọ́kọ́rọ́. Ọmọ iṣẹ́ lè máa ránṣọ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fi sísọ́ọ̀sì kan léèsì oníbàárà. Ibi tí wọ́n rán tó bá wọ́, wọ́n lè tú u, kí wọ́n tún un rán. Èyí tí wọ́n bá gé kúrú, ó ti kúrú nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀gá tó mọṣẹ́ á jẹ́ kó kọ́kọ́ gé bébà, lẹ́yìn náà àǹkárá olówó pọ́ọ́kú, lẹ́yìn náà aṣọ ọmọdé, kó tó dé orí léèsì. Ó sì tún ń wo ohun mìíràn: ta ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké ń sá tọ̀ nígbà tí máṣíìnì bá kọṣẹ́? Ẹni tó ń kọ́ wọn láìjágbe mọ́ wọn, tí kò fi ìmọ̀ pamọ́, ló ti ń ṣe ọ̀gá kí wọ́n tó pè é ní ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà, níbi tí kì í ti í ṣe gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó wa mọ́tò oníbàárà lọ dán an wò. Ayẹyẹ fúrídọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ṣe nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àdúrà, ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò, kàn ń kéde ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, láti ipele 7 dé 14, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta kó tó lè jókòó fún ìgbéga. Ọdún mẹ́ta ń sọ bó ṣe pẹ́ tó lórí àga. Kò sọ ohun tó ń ṣe nígbà tí ọ̀gá rìnrìn àjò.

Iléeṣẹ́ aládàáni ní àṣìṣe tiwọn. Ní 1969, Laurence Peter àti Raymond Hull kọ ìwé kan tí wọ́n fi ṣàlàyé pé wọ́n máa ń gbé ẹni tó mọṣẹ́ ga títí wọ́n á fi gbé e dé ipò tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ní 2019, Alan Benson, Danielle Li àti Kelly Shue tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òǹtajà ní iléeṣẹ́ 131. Ẹni tó ń tajà jù ni wọ́n sábà ń sọ di máníjà. Ṣùgbọ́n bí ọjà tó ti ń tà tẹ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn tó. Àwọn tó ti máa ń bá ẹlòmíì pawọ́ pọ̀ tajà ló ṣe máníjà dáadáa. Ọ̀gá télọ̀ tó ń wo ẹni tí àwọn ọmọ kéékèèké ń sá tọ̀ kò ka ìwádìí yẹn, ohun kan náà ló sì rí.

Oníléèwé aládàáni tàbí olótẹ́ẹ̀lì ní Ìba lè fi bébà bẹ̀rẹ̀ bíi ti télọ̀. Kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹni yẹn ló wà níbẹ̀, kó sì sọ iye owó tó láṣẹ láti ná láìpe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn jíhìn fún gbogbo ilé ìtajà, tí kò sì lágbára láti dín ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ọjà, ẹrù ni wọ́n dì lé e lórí, wọn kò gbé e ga.

Ohun tó ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní Àlàbá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mìíràn rí i kedere pé ọmọ ti tó, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Bí ọdún ìdásílẹ̀ ṣe ń sún mọ́, ẹ̀sùn olè á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wá ní kékeré á padà sílé lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Àdéhùn ẹnu ni wọ́n ṣe, kò sí ìwé tó lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí oníbàárà bá ti ń bèèrè ọmọ iṣẹ́ yín lórúkọ kí wọ́n tó bèèrè yín, ẹ kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọjọ́ ìdásílẹ̀, iye owó àti ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀dà kan.