Èdè-Ìperí fún Ìbọn Ìléwọ́: Ohun tí Olùtumọ̀ ní Láti Yà Sọ́tọ̀

1. Ìfáárà

Nínú àwọn ère òkúta Ẹ̀síẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, a rí àwọn tí ó gbé àdá lọ́wọ́. Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, nítorí wọn ni a sì ṣe dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà sílẹ̀ ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí a ń sọ nípa orúkọ Ìgbómìnà fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí ohun ìjà: ògbó, irú àdá kan, ni a ní ó mọ ọ̀nà tí ó sì ṣíwájú àwọn ará ìṣáájú dé ibùdó wọn. Ohun ìjà tí ẹni kan ń mú rìn kì í ṣe àjèjì sí èdè wa. Ohun tí ó ṣòro ni orúkọ fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn àdá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìbọn, ni a ń lò fún ṣakabùlà ọdẹ Òmù-Àrán, fún ìbọn ológun, àti fún èyí tí ènìyàn lè fi aṣọ bò mọ́ ìbàdí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìtumọ̀ òfin, ó lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n.

2. Ìpín mẹ́ta tí òfin ṣe

Òfin tí a ṣe lórí ìbọn ní Nàìjíríà ní 1959 pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a lè pè ní ìbọn èèwọ̀. Ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ológun wà níbẹ̀, gbogbo ìbọn ìléwọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ irú èyí. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Èkejì ni ìbọn àdáni, irú èyí tí ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde láti fi pa ẹyẹ àti ẹran. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ti ń gba àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìbọn àkìlẹ́nu, èyí tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Ṣakabùlà ni olórí wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti ṣìnà ni ọ̀rọ̀ náà àgbélẹ́rọ, tí ìwé ìròyìn ń lò fún ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ. Ọ̀rọ̀ yìí sọ ẹni tí ó ṣe ìbọn. Kò sọ ìpín tí ìbọn wà. Ìwé òfin náà sọ ọ́ ní pàtó pé ìbọn ìléwọ́ tí ń fi òkúta ṣáná pàápàá, èèwọ̀ ni. Nítorí náà, bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ṣakabùlà oníkúkúrú tí ọwọ́ kan lè gbé, kò sí nínú ìpín kẹta mọ́. Ọdẹ tí a kò ṣàlàyé èyí fún yóò rò pé ìbọn bàbá òun náà ni òun ṣì gbé.

3. Ayípo àti alápò

Ìbọn ìléwọ́ pín sí méjì. Èkíní ni irú èyí tí Samuel Colt gba ẹ̀tọ́ àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836: ihò ọta bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lára irin róbótó kan tí ń yí bí a ti ń yìn ín. A lè pè é ní ìbọn ìléwọ́ ayípo. Kò yẹ kí a pe irin náà ní àgbá, nítorí ìbọn ńlá ológun ni Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Nínú irú kejì, ọta tò sínú àpò irin tí a tì bọ inú ìdí ìbọn. Bí ọ̀kan bá ti dún, òmíràn á gorí. Alápò ni orúkọ tí ó bá a mu. Irú èyí ni ti Gaston Glock, tí ẹgbẹ́ ológun Austria gbà ní 1982; ọta 17 ni àpò rẹ̀ ń gbà.

Ní ti ẹ̀yà tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, kò sí ìdí fún ọ̀rọ̀ tuntun. Òwe ti pa á mọ́ fún wa: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

4. Ìṣeégbẹ́kẹ̀lé

Nígbà tí a bá ní ìbọn kan ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ohun méjì ni a ń sọ, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni pé kí ó dún nígbà tí a bá fẹ́. Bí ọta ayípo kan bá kọ̀, ẹni tí ó mú un yóò tún apátí fà, ihò mìíràn á sì bọ́ sí ipò. Bí ti alápò bá kọ̀, ó ní láti fi ọwọ́ kejì fa òkè ìbọn sẹ́yìn kí ọta tí ó kọ̀ lè bọ́ dànù. Ṣakabùlà kò ní èkejì rárá, òjò sì lè ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Èkejì ni pé kí ó má ṣe dún nígbà tí a kò fẹ́. Àkọ̀ tí ó bo apátí dáadáa ni ààbò tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò fún ilé idà. Ìdúndájú ni a lè pe ti àkọ́kọ́. Àìṣèèṣìdún ni ti èkejì.

5. Àfaṣọbò

Ọ̀rọ̀ yìí, àfaṣọbò, wúlò fún olùtumọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Yorùbá òkè òkun. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì dá lẹ́kun lè mú ìbọn ìléwọ́ rìn láìgba ìwé àṣẹ. Ní Ìlú Ọba, òfin 1997 gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun kan náà ni a ń wí: ó jẹ́ ẹ̀tọ́ níhìn-ín, èèwọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá tú ìwé ìmọ̀ràn Texas lórí yíyan ìbọn àfaṣọbò sí Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ará Òmù-Àrán má baà kà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

6. Ìkádìí

Èdè-ìperí tí ó péye kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ìwé. Níbi tí òfin ti ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, tí èdè sì ní orúkọ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè òfin ni yóò san gbèsè àlàfo náà. Ìbọn ìléwọ́, ìbọn àdáni, ìbọn àkìlẹ́nu: bí olùkọ́ àti olùtumọ̀ bá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú láìdà wọ́n pọ̀, ọdẹ yóò mọ èyí tí ó lè gbé lọ sóko àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.