Ọlọ́tí Èèwọ̀ Àti Fọ́ọ̀mù Owó-Orí

Ní kóòtù wa, bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn sọ òtítọ́, Bíbélì, Àlùkùránì tàbí irin Ògún ni wọn a gbé fún un kí ó fi búra. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù owó-orí náà ń gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú lọ́dọọdún. Kò sí irin níbẹ̀, kò sí Bíbélì. Gbólóhùn kan ni ó wà lókè ibi ìfọwọ́sí, pé bí ohun tí mo kọ bá jẹ́ irọ́, mo búra èké. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé a kì í fẹ́ sọ iye èrè ẹni fún aládùúgbò, áḿbọ̀sì ìjọba. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gbẹ́ni Manly Sullivan, ará Charleston ní South Carolina, ju ìyẹn lọ. Ọtí ni ó ń tà nígbà tí òfin ka ọtí títà léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, láti 1920 sí 1933. Owó wọlé fún un ní ọdún 1921, kò sì fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ó di òfin ńlá ilẹ̀ wọn mú, èyí tí ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí tako ara rẹ̀. Ẹ sáà wò ó: bí ó bá kọ òtítọ́, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, bí ó bá purọ́, ó búra èké.

Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan dá a láre. Ṣùgbọ́n ní oṣù May 1927, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí i padà. Adájọ́ Holmes ní bí ìbéèrè kan bá lè kó bá a, kí ó sọ lórí fọ́ọ̀mù náà pé òun kò ní dáhùn rẹ̀. Kò lè tìtorí ìyẹn kọ̀ láti kọ fọ́ọ̀mù rárá. Ó ní àṣejù ni kí ènìyàn fi iye owó tí ó rí pamọ́ nítorí pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ó gbà wọlé. Ní 1931, ọ̀rọ̀ owó-orí yìí kan náà ni wọ́n fi dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún Al Capone, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn.

Lójú tèmi, Ọ̀gbẹ́ni Garner ni ó ṣeni láàánú jù. Òun kò sá fún fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé tẹ́tẹ́ ni iṣẹ́ òun. Nígbà tí wọ́n mú un lórí ọ̀ràn tẹ́tẹ́, fọ́ọ̀mù tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ìjọba kó wá sí kóòtù. Ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò sẹ́ni tí ó fi ipá mú un: ṣebí ó lè fi àyè ìbéèrè yẹn sílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ta ni ì bá ti sọ fún un?

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi bírò pa gbólóhùn ìbúra náà rẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́n. Kóòtù kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí fọ́ọ̀mù rárá, ìtanràn dọ́là 5,000 sì lè tẹ̀ lé e.