Omi kò gbóná mọ́: ẹ yẹ tánkì wò kẹ́ ẹ tó bínú sí onígáàsì

Lásìkò ọyẹ́, omi ìwẹ̀ òwúrọ̀ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú l'Éjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Nítorí iná mànàmáná tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀rọ amómigbóná tó ń lo gáàsì wúlò fún ilé tó bá ní tánkì omi, títí kan èyí tí àwọn ọmọ ìlú láti Côte d'Ivoire kọ́ sílé.

Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, onígáàsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bú. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ tirẹ̀.

Agbára omi tó ń wọlé ló ń ṣí gáàsì sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Bí tánkì kò bá ga tó, iná kò ní í ràn, tàbí kó máa ràn kó máa kú. Tánkì tó fi mítà 5 ga ju ẹ̀rọ lọ ń ti omi ní ìlọ́po méjì èyí tó fi mítà 2 àti ààbọ̀ ga jù ú lọ. Yanrìn kànga náà a máa dí asẹ́ ẹnu ọ̀nà omi, bátìrì tó ń ṣáná sì lè ti kú. Bó bá jẹ́ pé omi ń yára jáde jù ni, ẹ dín ẹnu ẹ̀rọ kù.

Ẹ wo àwọ̀ iná náà pẹ̀lú. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń yọ èédú, aláǹtakùn tàbí ìdọ̀tí lè ti dí ihò rẹ̀. Èéfín olóró tó ń tibẹ̀ jáde kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ó sì ń pani nínú balùwẹ̀ tí a tì pa. Ìta ilé ló yẹ kí ẹ̀rọ náà wà. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí òòyì ń kọ́ yín níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tètè bọ́ síta.

Fífọ asẹ́ àti pípààrọ̀ bátìrì nìkan ni ti onílé, lẹ́yìn tó bá ti ti gáàsì àti omi pa. Oníṣẹ́ gáàsì ni kó tú ìyókù.