Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo kò tó fún mọ́tò tó ń pawó wọlé

Kí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sọnù mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, wàhálà ni, ṣùgbọ́n wàhálà tí wọ́n lè yanjú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni. Kó sọnù ní Afọ̀, níjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Mọ́tò tó yẹ kó kó iṣu àti àgbàdo lọ sọ́jà Ọ̀wọ̀ yóò dúró gbagidi síbi tó wà. Ẹni tó ti sanwó ọjà sílẹ̀ yóò máa pe fóònù léraléra. Dírẹ́bà yóò jókòó sábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni owó oúnjẹ rẹ̀ kò ní dúró. Ọlọ́kọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè ṣe kọ́kọ́rọ́ náà láti Ọ̀wọ̀, bí kò bá rí i níbẹ̀, ó di Àkúrẹ́ nìyẹn. Owó mọ́tò ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe é, orí ọlọ́kọ̀ ló ń wá, yálà ó rí i ṣe tàbí kò rí i ṣe.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé kò sí dírẹ́bà gidi tí yóò gbéra ìrìn-àjò láìní sípéà táyà. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè sípéà kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ajé lágbègbè wa, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló bá wọn wọlé, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí di òní.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Peugeot 504 ń jáde láti iléeṣẹ́ PAN ní Kàdúná, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, irin lásán ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yóò mú irin tuntun, yóò fi fáìlì rẹ́ ẹ títí eyín rẹ̀ yóò fi bá ti àkọ́kọ́ mu, ó parí. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù pátápátá, yóò tú ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, yóò wo inú rẹ̀, yóò sì gé òmíràn. Àní mọ́tò mìíràn wà tó ti gbó débi pé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹlòmíràn ń ṣí i.

Àwọn olè òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́. Olè mọ́tò pọ̀ gan-an nílùú òyìnbó láàárín 1980 sí 1995, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò sì ń pariwo owó tí wọ́n ń san. Bí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣe gbé immobiliser dé nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò tuntun. Ọdún yẹn kan náà ni Honda fi í sínú Accord tó ń tà ní Amẹ́ríkà. Accord tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2007, ni àwa ń pè ní ‘End of Discussion’ níbí, kò sì sí ọ̀nà ìgbèríko tí ẹ kò ti ní rí i. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí olè tiwọn, àwa la ń sanwó rẹ̀ ní Ọ̀sẹ́.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú kọ́kọ́rọ́ ìgbàlódé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ mọ́ra fún yín. Èkíní ni irin tó ń yí. Èkejì ni chip, nǹkan kékeré tó fara pamọ́ sínú ike kọ́kọ́rọ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, chip yìí kì í lo bátìrì rárá. Wáyà kan tí wọ́n ká yípo ojú ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló ń jí i, tí yóò sì sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ọpọlọ mọ́tò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ‘brain box’. Bí nọ́ńbà náà bá wà lára èyí tí ọpọlọ mọ́tò ti mọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sítáàtì. Ẹ̀kẹta ni rìmóòtù tó ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago. Nítorí náà, bí rìmóòtù kò bá ṣí ilẹ̀kùn mọ́, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra odidi kọ́kọ́rọ́ tuntun nítorí ìyẹn ń wá owó yín ni.

Ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń pàdánù owó jù lọ rèé. Ike kọ́kọ́rọ́ máa ń fọ́, pàápàá tó bá ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan á fi rọ́bà dì í, àwọn mìíràn á ra ike tuntun lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ní gáréèjì, wọn á sì ju ti àtijọ́ nù. Wọn kò mọ̀ pé inú ike àtijọ́ náà ni chip wà. Ó kéré, ó dúdú, ó jọ èédú wẹ́wẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Irin wà, rìmóòtù ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn ń ṣí, ṣùgbọ́n mọ́tò kò sítáàtì. Nínú irú Honda tí a sọ yẹn, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí dáadáa bí ẹni pé ó fẹ́ dáhùn, kò kàn ní gbaná ni, torí pé ọpọlọ mọ́tò ti dá epo dúró. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á ní pọ́ọ̀ǹpù epo ló kú. Wọ́n á ra pọ́ọ̀ǹpù, kò ní sítáàtì. Wọ́n á ra pílọ́ọ̀gì, kò ní sítáàtì. Rẹwáyà á dé, yóò máa gé wáyà. Gbogbo ìgbà yẹn, iná kékeré aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nínú Toyota, iná pupa kékeré kan ni ẹ ó máa wò. Bí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, tí ẹ yí i, tí iná náà kò sì yéé ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra kọ́kọ́rọ́ mìíràn, jíjọ ara wọn kò tó. Mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń gbọ́ rìmóòtù tó wà lórí 315 MHz, èyí tó ti Yúróòpù wá, bí irú àwọn tó ń gba Kútọnu wọlé kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní January 2017, orí 433 MHz ni tirẹ̀ wà. Corolla méjì lè dà bí ìbejì, kí rìmóòtù ọ̀kan má sì mọ èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí kókó ọ̀rọ̀. Ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àti ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ nígbà tí kò sí ọ̀kankan mọ́, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí àkọ́kọ́ bá wà, irin wà tí wọ́n lè wò gé òmíràn, chip sì wà tí mọ́tò ti mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí ẹsẹ̀ dírẹ́bà, yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun han ọpọlọ mọ́tò, kò sì ní pẹ́ tó fi parí. Ó tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀pọ̀ Ford tó ti Amẹ́ríkà wá: ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹ̀kẹta kún un láìlo ẹ̀rọ kankan. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ní, àfi kó sanwó fún ẹlẹ́rọ.

Toyota ìgbà yẹn ní tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí orí rẹ̀ dúdú ni ọ̀gá, òun nìkan ló lè mú mọ́tò gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Èyí tí orí rẹ̀ rí bí eérú, ti ẹni tó ń bá yín gbé mọ́tò síbi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ṣe é fún. Yóò sítáàtì mọ́tò, ṣùgbọ́n kò lè fi òmíràn kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní eérú lọ́wọ́ tó rò pé ara òun ti dá. Bí dúdú bá ti sọnù tán, àfi kí wọ́n tú ọpọlọ mọ́tò jáde, kí wọ́n sì tún ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe ìyẹn, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà ni kí wọ́n lọ sí Ládípò ní Mushin, kí wọ́n ra ọpọlọ, ojú kọ́kọ́rọ́ àti kọ́kọ́rọ́ tó jọ bọ́ láti ara mọ́tò kan náà. Ẹ ṣírò owó ìyẹn, kí ẹ fi owó ọ̀nà Èkó àti ọjọ́ tí mọ́tò fi jókòó kún un, kí ẹ wá fi wé owó kọ́kọ́rọ́ kejì.

Ti àwọn mọ́tò tí a kàn ń tẹ bọ́tìnnì láti sítáàtì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ ajé. Ẹ kàn mọ̀ pé irin kékeré kan wà nínú rìmóòtù rẹ̀ tí ẹ lè fà yọ láti ṣí ilẹ̀kùn bí bátìrì bá kú, àti pé bí ẹ bá gbé rìmóòtù náà sún mọ́ bọ́tìnnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì máa sítáàtì.

Àwọn rẹwáyà kan máa ń sọ pé àwọn lè yọ immobiliser kúrò pátá kí ẹ sinmi. Wọ́n lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ Kia àti Hyundai tí wọ́n ṣe láàárín 2011 sí 2022 kò ti ní in. Nígbà tí fídíò bí wọ́n ṣe ń jí wọn tàn kálẹ̀, olè mọ́tò pọ̀ débi pé ní February 2023, àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì ní láti kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún mọ́tò tó tó mílíọ̀nù 8.3. Àwa ò rò pé ó yẹ kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń sùn síta ní gáréèjì sanwó fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí sì jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ẹ. Rẹwáyà tó wà ní Ìdóàní tàbí Ìfọ́n ti mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, náà kò jìnnà sí i. Ẹ̀rọ tó ń gé irin, ẹ̀rọ tó ń bá ọpọlọ mọ́tò sọ̀rọ̀ àti chip díẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò dìgbà tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, torí òun ló ń lọ bá mọ́tò níbi tó bá kú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe kọ́kọ́rọ́ fún mọ́tò tí kò ní kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ tí olè ń wá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Kó gba ìwé mọ́tò wò, kó wo ojú ẹni tó mú un wá mọ́ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kó béèrè ìwé ìbúra kóòtù tàbí ìwé àgọ́ ọlọ́pàá bí wọ́n bá ní ó sọnù, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá béèrè, ìwé yẹn ni yóò gbà á.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ ní kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ọpọlọ mọ́tò lójú yín, kí wọ́n sì fi iye tó kù hàn yín lójú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń ná tòkunbọ̀ lọ́wọ́, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ mélòó ló bá a wá kí ẹ tó dá iye lé e. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ yọ owó èkejì kúrò. Bó bá sì wá di pé ẹ ní láti pe ẹnì kan láti Ọ̀wọ̀ wá sí Afọ̀, ẹ ka nọ́ńbà ṣáṣí fún un lórí fóònù, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí ẹ sì sọ ilẹ̀ tí mọ́tò náà ti wá, kó má baà jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tí kò bá a mu ni yóò gbé gun ọ̀kadà wá.