Ṣé O Mọ̀? Títì Inú Kọ̀ǹpútà, Ọkọ̀ Tó Ń Bára Wọn Sọ̀rọ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lè ké sí àwọn ọkọ̀ tó yí i ká ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? “Ibí ni mo wà, báyìí ni mo ṣe ń sáré tó, mo ti tẹ bíréèkì.” Kódà bó bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kò ní tíì rìn tó mítà 3 kó tó tún ké.

Ṣé o mọ̀ pé ní Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n kó ọkọ̀ tó sún mọ́ 3,000 sójú títì lọ́dún 2012 láti dán an wò? Owó ìjọba ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ olùwádìí yòókù, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń la títì tiwọn sí.

Ǹjẹ́ o mọ SUMO, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń la irú títì bẹ́ẹ̀? Iléeṣẹ́ ìwádìí òfurufú Jámánì, DLR, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. O lè gbé máàpù OpenStreetMap ìlú yòówù sínú rẹ̀, títí kan Èkó. Wọ́n ti ṣe ti ìlú Cologne: wákàtí 24, ìrìn-àjò ọkọ̀ bíi 700,000.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù sára àwọn dírẹ́bà inú SUMO ni? Ìlànà tí Stefan Krauß gbé kalẹ̀ ló ń darí wọn. Nọ́ḿbà kan wà láàárín 0 àti 1 tó ń sọ bí dírẹ́bà ṣe ń ṣe ségesège tó, 0.5 ni bí o kò bá fọwọ́ kàn án. Bí gbogbo wọn bá mọ ọkọ̀ wà láìkù síbì kan, títì náà á di irọ́.

Irọ́ kan ṣì wà níbẹ̀ o, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá há sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 300, SUMO á gbé e kúrò, á lọ sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú níbi tí àyè bá wà? Ta ni kò ní fẹ́ èyí lórí Third Mainland Bridge! Ṣùgbọ́n kí olùwádìí ṣọ́ra: ọkọ̀ tó pòórá kì í ké sí ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ti há pọ̀ gan-an ni ariwo rédíò ti ń pọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé 23423 ni nọ́ḿbà tí SUMO fi ń pín kádàrá ojú pópó? Bí o kò bá yí i padà, dírẹ́bà kan náà á tún ṣe àṣìṣe kan náà lọ́la. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, èmi kì í fọkàn tán an.

Ṣé o mọ̀ pé SUMO fúnra rẹ̀ kì í fi rédíò ránṣẹ́? Ó ń rìn ni, kì í sọ̀rọ̀. OMNeT++, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí András Varga ṣe ní Budapest, lè sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, Veins ló sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbọ́ pé ìjàm̀bá wà níwájú, OMNeT++ á wí fún SUMO, ọkọ̀ náà á yà sí ọ̀nà mìíràn. Veins tún ń ka ògiri ilé tí ìgbì rédíò ọkọ̀, 5.9 GHz, máa gbà kọjá, nítorí ìgbì yìí kò mọ kọ́nà yà dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2003 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan tú àṣírí ọ̀nà kan tí gbogbo ayé ń lò láti mú nǹkan rìn nínú kọ̀ǹpútà? Bí àkókò ti ń lọ ni eré àwọn tó ń rìn náà ń dínkù, láìsí ẹni tó rán wọn. Èsì ìwádìí púpọ̀ ló ti jáde lórí rẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Yunifásítì yẹn kan náà ló ṣí Mcity lọ́dún 2015, ìlú ìdánwò tó fẹ̀ tó éékà 32. Ọkọ̀ gidi ló ń rìn níbẹ̀. Ojú ilé nìkan ni wọ́n kọ́, kò sí yàrá lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọkọ̀ rí ohun tó lè dí i lójú àti létí.