Ẹfọ̀n Ti Lọ, Ẹ̀fọn Kù: Ọ̀rọ̀ fún Ará Èkó tí ń Lọ Gbé Oko

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Igbó Ẹfọ̀n, ní ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, yóò ti inú orúkọ náà mọ irú ilẹ̀ tí ó jẹ́ ní àtètèkọ́ṣe. Igbó ni, a sì fi ẹranko ńlá oníwo nì sọ ọ́ lórúkọ. Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ lórí iyanrìn, láàrin igi àgbọn àti àbàtà, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, ni a fi ń rìn ní gbogbo agbègbè náà. Nígbà tí a la títì ọlọ́dà ní àwọn ọdún 1980, ìlú Èkó tẹ̀lé títì náà wá. Lónìí, ilé àti odi ni ó yí Igbó Ẹfọ̀n ká. Ẹni tí ó bá ń wá oko ní láti kọjá lọ sí ìhà Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹfọ̀n ti lọ. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri ni ó kù, àwọ̀n ni a sì ń ta sórí ibùsùn nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ṣí kúrò láàrin ìlú ni ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣí. Ní oṣù July ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. A kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìlàsán àti Ìkòtà, ìhà méjèèjì Igbó Ẹfọ̀n, sínú ilé tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì parí. Àwọn wọ̀nyí kò ní àyè láti múra sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè, kí ó múra.

Ìkíní, kí ó tọ́jú ẹsẹ̀. Ọmọ Èkó a máa rò pé kò sí ewu nínú iyanrìn rírọ̀. Ṣùgbọ́n aràn kan wà, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bí ìwọ̀, tí ó fẹ́ràn iyanrìn tútù lábẹ́ òjìji. Ẹyin rẹ̀ a máa bá ìgbẹ́ ènìyàn bọ́ sílẹ̀. Ní ìwọ̀n ọjọ́ 5 sí 10, ọmọ rẹ̀ ti tó láti gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara. Inú ìfun ni ó ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu. Ọmọ tí ó bá pọ̀ nínú rẹ̀ a di aláìlágbára, ojú rẹ̀ a funfun, ẹ̀kọ́ kò ní wọ̀ ọ́ lórí, olùkọ́ tí kò mọ̀ a sì máa pè é ní ọ̀lẹ. Ní 1909, ọlọ́rọ̀ nì, John D. Rockefeller, fi dọ́là mílíọ̀nù 1 sílẹ̀ láti gbógun ti aràn yìí ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. A sì bá a lára nǹkan bí ọmọ 4 nínú 10 tí a yẹ̀ wò. Oògùn, bàtà àti ṣáláńgá ni a fi bá a jà. Nítorí náà, kí ọmọ wọ bàtà. Kí a lọ gba oògùn aràn ní ilé ìwòsàn. Kí a sì gbẹ́ ṣáláńgá kí a tó gbin ẹ̀gẹ́, kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30.

Ìkejì, kí ó la ojú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kò gba ènìyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó wà níwájú ni kí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, kí ó máa fi gbá koríko. Lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn láìsí iná. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe sín ojú ọgbẹ́, kí a má ṣe fi ẹnu fà á, kí a má ṣe fi okùn dì í pinpin. Kí a mú kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ bí èyí tí ó ṣẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú igbó àti àbàtà bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣí, kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Lekki Conservation Centre, tí kò jìnnà sí Igbó Ẹfọ̀n. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà. Afárá kan sì wà níbẹ̀ tí ó ń gba òkè igi kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401.

Ìkẹta, kí ó ya ẹnu. Ní Èkó, ènìyàn lè kọjá lára ọgọ́rùn-ún ènìyàn láì kí ẹnìkan. Lójú ọ̀nà oko, ẹni tí kò kíni, olè ni a ń fi í pè. Kí ó kí ẹni tí ń roko pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o”. Kí ó sì yà fún ẹni tí ó ru ẹrù. Bí ó bá rí màrìwò tí a so dí ọ̀nà, kí ó padà, kí ó sì bèèrè. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí a kí ní òwúrọ̀ ni yóò wá wa bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò tíì dé.

Ìkẹrin, èyí sì ni ó tóbi jù, kí ó má ṣe dí ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó dàbí ìlà lásán lójú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀, òun ni ìyá arúgbó kan ń gbà lọ pọn omi, òun ni apẹja ń gbà lọ sí ọ̀sà. Kí ó tó mọ odi, kí ó pe baálẹ̀ àti àwọn aládùúgbò, kí wọ́n jọ rìn ín já, kí wọ́n sì jọ fi àmì sí ibi tí a óò fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ilé tí a kọ́ dí ọ̀nà kànga, ta ni yóò sáré gba ibẹ̀ wá lóru bí onílé bá ké?