Káró Kọ́ Ló Ń Dá Omi Dúró

 Ìyá kan nínú yín ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti tú káró balùwẹ̀ àwọn, tí àwọn sì tẹ́ òmíràn, síbẹ̀ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn ṣì ń rin gbìndìn, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń ṣí. Wọ́n wá ń bi wá pé ṣé kí àwọn ra káró tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Ìyá wa, ẹ má tíì náwó. Káró yìí, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní táìsì, kọ́ ló ń dá omi dúró. Òótọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Àmọ́ ẹ wo ìlà àárín rẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dí. Símẹ́ńtì ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Omi ò tiẹ̀ ní dúró kí ògiri lanu. Tó bá ti dé abẹ́ káró, símẹ́ńtì àti bíríkì á máa fà á lọ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, títí tí yóò fi yọ ní yàrá kejì.

Nínú ilé amọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé kọ́ sí Àjàṣẹ́ níbí: amọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri wọn. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Tí omi bá ń wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò rọ̀, ó sì lè wó. Ti ìlera náà wà níbẹ̀. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin inú ilé àti ohun dúdú tó ń hù lára ògiri, bíi ti búrẹ́dì tó bu. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ikọ́ àti ikọ́ fée ju àwọn mìíràn lọ. Yàrá ọmọdé sì ni à ń sọ yìí o.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Nígbà tí òjò ò rọ̀, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, balùwẹ̀ ló ń jò. Bí kò bá gbẹ, ẹ yẹ páìpù wò, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń fa omi sókè.

Tó bá jẹ́ balùwẹ̀ ni, ohun tí bíríkìlà gbọ́dọ̀ ṣe nìyí.

Èkíní, kí ilẹ̀ símẹ́ńtì dagẹ̀rẹ̀ sí ihò omi, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan, kí omi má baà dúró.

Èkejì, tí símẹ́ńtì bá ti gbẹ dáadáa, kí wọ́n kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Faransé yìí lára ike rẹ̀: étanchéité sous carrelage. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á kùn ún. Kí àkọ́kọ́ gbẹ, kí wọ́n wá kun ìkejì ní ìbú, tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ní òòró. Ní gbogbo igun àti yíká ihò omi, kí wọ́n tẹ aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn sínú ọ̀dà tútù, torí igun ló máa ń kọ́kọ́ sán. Lára ògiri ibi tí ẹ ti ń wẹ̀, kó ga ju orí èèyàn lọ.

Àwọn kan ń po hydrofuge mọ́ símẹ́ńtì, wọ́n ní ó tó. Ó wúlò, àmọ́ tí símẹ́ńtì náà bá sán, omi á kọjá. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń kùn sí ìpìlẹ̀ ilé ńkọ́? Káró kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n tó tẹ́ káró kan ṣoṣo, ẹ fi àkísà àti ọ̀rá dí ihò omi, ẹ fi ohun kan dí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ bu omi sí i kó ga tó ìka méjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó dé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá fà díẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló mu ún. Bó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ògiri kejì rin, ó ń jò nìyẹn. Kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ bá bíríkìlà ṣàdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ ò ní san owó títẹ́ káró àyàfi tí omi yẹn bá pé wákàtí 24 lójú yín. Tí káró bá ti bo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ yín lónìí, kí kálukú sọ ògiri tó ń rin nínú ilé rẹ̀, kí ẹ jọ wò ó bóyá balùwẹ̀ ni, páìpù ni, àbí ilẹ̀. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa. Ó dàbọ̀ o.